Èrò Tí A Kò Dúró Gbé

Ìkùukùu àárọ̀ ọjọ́ náà kọ̀, kò ká. Ní àfonífojì Casablanca, nítòsí Valparaíso níbí, níbi tí mo ti ń mú àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi rìn kiri oko àjàrà, oòrùn a máa lé e lọ kó tó di ìyálẹ̀ta. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni ìkùukùu náà ń bá wa lọ lójú títì.

Èbúté Valparaíso la ti kó àwọn èrò náà, Nibaldo ló sì ń wa bọ́ọ̀sì wa. Etí títì yẹn ni ilé kékeré tí mo kọ́ fún Aliro wà, ọmọ mi kan ṣoṣo, níbi tí alùpùpù ti pa á. Bá a ti ń ṣe nílẹ̀ wa nìyẹn: ẹni tí ikú òjijì bá mú lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ la ti ń tan àbẹ́là fún un. Awakọ̀ tó bá ń kọjá a tẹ họ́ọ̀nù kí i, kó lè mọ̀ pé a ò gbàgbé òun, kó sì jókòó sílé rẹ̀. Àmọ́ orí ń fọ́ obìnrin kan lẹ́yìn wa, ó bẹ Nibaldo pé kó má pariwo. Nibaldo gbọ́wọ́ kúrò lórí họ́ọ̀nù, a sì kọjá láìkí Aliro.

Nígbà tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lóko àjàrà, ẹnì kan gbẹ̀yìn wọn. Súwẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi hun, tí a fi sin Aliro, ló wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n bu wáìnì fún un bíi tàwọn yòókù. Ó ń gbé ife sẹ́nu, wáìnì kò dín. Mo sún mọ́ ọn, òórùn àbẹ́là tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló ń bọ̀ lára rẹ̀.

"Aliro," ni mo pè é jẹ́jẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó ni ọkọ̀ ojú omi wa máa ṣí?"

Ọmọ tí mo fún lọ́mú ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò.

Nibaldo náà ti rí i. Ó fà mí sẹ́yìn àwọn àgbá wáìnì. "Ìyá Aliro, tá a bá ń padà, màá tẹ họ́ọ̀nù níwájú ilé ẹ̀. Á bọ́ sílẹ̀."

"O ò gbọdọ̀ dán an wò. Ọmọ mi ń bá mi lọ sílé lónìí."

"Ilé wo? Kò mọ̀ yín mọ́."

"Tó bá tọ́ ẹ̀wà òun elégédé tí mo sè wò, á mọ̀ mí."

Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè, àmọ́ ó gbọ́ tèmi.

A kọjá ilé kékeré náà láìtẹ họ́ọ̀nù. Mo jókòó ti Aliro, mò ń sọ fún un nípa yàrá rẹ̀, nípa ajá rẹ̀ tó ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń mi orí bí àwọn èrò ṣe ń mi orí sí àlàyé mi.

Ní èbúté, ó bá wọn tò. Ó fi káàdì ọkọ̀ hàn bíi tiwọn, ẹ̀ṣọ́ jẹ́ kó kọjá. Wọ́n dá èmi dúró, torí n kò ní káàdì. Mo fi gbogbo ohùn mi pe orúkọ rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí dáadáa, ó sì yíjú sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ta ni ìyá yẹn ń pè?" ló bi í.

Ọkọ̀ ṣí. Láti ọjọ́ náà, àbẹ́là tí mo bá tàn fún un nílé kékeré náà kì í jó mọ́, bí atẹ́gùn ò tilẹ̀ fẹ́. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Èmi tí mo ti sunkún òkú ọmọ mi tán, ọwọ́ ara mi ni mo fi sọ ọ́ nù.