Àwòrán Ọkọ Ìyàwó Lórí Àga

Nínú àwòrán àkọ́kọ́ tí Fọlárìn fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ ẹrù ní ìgboro Niu Yọọki. Afárá gígùn kan tí wọn ò tíì kọ́ tán ló wà nínú èkejì. Dúdú àti funfun ni gbogbo wọn, òun náà á sì dúró láàárín àwọn òyìnbó onífìlà, kò ní rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi Tèmítọ́pẹ́, tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ní àṣà tuntun ni. Orí fóònù ni wọ́n ti pàdé. Mo ti wádìí ìdílé wọn ní Àrán-Ọ̀rin, ilé ire ni, síbẹ̀ ara ń fu mí. Ẹni tó dé Amẹ́ríkà tí kò ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Mo fi àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ sí Aaron, àbúrò mi tó ń gbé níbẹ̀. Ó pè mí padà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ibùdókọ̀ rélùwéè inú àwòrán kẹta yẹn, wọ́n ti wó o kí wọ́n tó bí mi.”

“Kọ̀ǹpútà ló fi lẹ ara rẹ̀ mọ́ ọn, àbí?”

“Mo wò ó dáadáa. Ibi tí òjìji àwọn yòókù dorí kọ ni tirẹ̀ náà dorí kọ.”

Mo sọ ọ́ fún Tèmítọ́pẹ́, ó ní òun ò lè torí fọ́tò fi ọkọ òun sílẹ̀. Ọjọ́ ìdána pé. Lọ́dọ̀ wa ní Òmù-Àrán, bí ọkọ ìyàwó bá wà lókè òkun, àwòrán rẹ̀ la máa ń gbé sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, tí a ó fi gbàdúrà fún wọn. Ìyá Fọlárìn gbé ti ọmọ rẹ̀ dé. Àwòrán ibùdókọ̀ yẹn ni. Gíláàsì rẹ̀ tutù bí omi àmù nínú oòrùn ọ̀sán. Mo pe ìyá náà wọ yàrá, mo gbé àwòrán náà dání.

“Màmá, níbo lọmọ yín wà?”

Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ọ̀nà Kàdúná ni ọkọ̀ ti gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ la sin ín sí, ará ilé ò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ó ní ibi tóun wà, kò sẹ́ni tó mọ òun, òun sì fẹ́ níyàwó. Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ má pe orúkọ rẹ̀ sí i lójú o. Bí wọ́n bá ti dá a mọ̀, kò ní lè dúró níbẹ̀ mọ́.”

Àkúdàáyà! Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi ju ẹ̀rù lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni wọ́n fẹ́ fi fún òkú. Mo gbé àwòrán náà sókè.

“Fọlárìn, ọmọ Àrán-Ọ̀rin, mo dá ọ mọ̀! O ti kú!”

Ọkùnrin inú àwòrán yíjú sí mi. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn òyìnbó nìkan ló kù. Ìyá rẹ̀ wó lulẹ̀.

“Ẹ ti pa á fún mi lẹ́ẹ̀kejì.”

Mo ṣílẹ̀kùn. Tèmítọ́pẹ́ dúró níbẹ̀ nínú aṣọ òkè rẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, mo ní kó má bẹ̀rù, pé ó ti lọ, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ mọ́.

“Dádì,” ó rọra sọ ọ́, “ó wá sọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin ní Disẹ́ńbà.”

Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ikùn rẹ̀. Nǹkan kan mira níbẹ̀.