Pupa Lápá Òsì, Àwọ̀ Ewé Lápá Ọ̀tún

Ìyá Páílọ́ọ̀tì ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin aránṣọ náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ kò wa bàálù rí. Ẹrù ló ń kó sínú bàálù. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń sọ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè pé òun yóò fò, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Páílọ́ọ̀tì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n báyìí, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ sì ti ń fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ tòun ti bàtà iṣẹ́ tó ti jẹ lẹ́yìn, ó sì jókòó láìbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè lórí máṣíìnì.

"Ṣé wọn ò tún mú ẹ ni?" Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti béèrè irú rẹ̀ rí, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ tí kò fi ní dun ọmọ jù.

"Wọ́n mú mi, Mọ́mì."

Ẹsẹ̀ ìyá dúró lórí máṣíìnì.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, tí bàálù rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, ló ń wá ènìyàn mẹ́fà tí yóò kọ́ níṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá kọ́ ọ tán yóò bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún méje. Nígbà àkọ́kọ́ tí Páílọ́ọ̀tì kọ̀wé sí wọn, wọn kò fèsì. Nígbà kejì, ó yege nínú ìdánwò, ó kọsẹ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rè é, ó sì ti yege nínú méjèèjì. Wọn kì í gba fọ́ọ̀mù ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, oṣù mẹ́rin péré ló sì kù fún un. Bí èyí bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

"Kí ló wá kù?" ni ìyá béèrè.

"Àyẹ̀wò ara. Ọjọ́bọ̀ ni." Ó na fọ́ọ̀mù sí i. "Ẹ wo ìlà kẹsàn-án."

Ìyá wọ awò ojú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé, ǹjẹ́ o ní ìṣòro kankan nípa dídá àwọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra? Àpótí kékeré méjì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, èkejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àwọn méjèèjì jọ mọ ìdáhùn.

Ọmọ ọdún méje ni Páílọ́ọ̀tì nígbà tí ìyá rẹ̀ ní kó mú òwú pupa wá, tó mú àwọ̀ ewé wá. Ìyá rò pé eré ló ń ṣe, ó gbá a létí. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń wo ojú ìyá rẹ̀ bóyá òun gbà á. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé obìnrin yìí, tí àyà rẹ̀ sì já. Bí bàbá tó bí obìnrin náà ṣe rí nìyẹn. Ọkùnrin yẹn kì í mọ èso tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò pọ́n àfi tó bá tẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ ní Afọ́jú-Ríran. Níbikíbi tí èrò bá ti pé, wọ́n á gbé aṣọ méjì síwájú rẹ̀ kó sọ èwo ni èwo, wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn ló bá a dé ibojì.

Ìyá Páílọ́ọ̀tì pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní pe ọmọ òun bẹ́ẹ̀. Kò mú un dé ilé ìwòsàn, kò sì sọ fún ẹ̀dá kan. Àpótí òwú rẹ̀ ló tún tò. Pupa lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, àwọn yòókù láàárín, ọmọ sì há a sórí bí orin. Láti ìgbà náà, oníbàárà tó bá fọwọ́ kan àpótí yẹn, òṣé ni ìyá máa pa fún un. Wọ́n rò pé ó kàn fẹ́ràn òwú rẹ̀ jù ni.

"Mo máa fi àmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́," ni Páílọ́ọ̀tì wí. "Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ti fi àwòrán ìwé tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ojú ewé rẹ̀ ni. Kí n ṣáà ti há a sórí."

Ìwé náà kún fún ẹ̀kán róbótó kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi, nọ́ńbà kan sì fara pamọ́ sáàárín ẹ̀kán ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń dá àwọ̀ mọ̀ máa rí i wàrà. Lójú Páílọ́ọ̀tì, ó dà bíi pé ẹnì kan da ẹ̀wà sílẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin ẹ rí nọ́ńbà yẹn, Mọ́mì. Ẹ kàn máa pè é fún mi."

Ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ obìnrin yìí. Ó mọ̀ pé kò dáa. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa gbọ́ "Ìyá Páílọ́ọ̀tì, ìgbà wo la máa fò?" lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ tó ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù ẹlẹ́rù. Ó gba fóònù.

"Ìkíní?"

"Mẹ́rìnlá."

"Ìkejì?"

"Mẹ́sàn-án."

"Ìkẹta?"

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Títí ilẹ̀ fi ń ṣú ni wọ́n ń kà á. Ọkàn ìyá ti pòrúurùu débi pé nígbà tó ń palẹ̀ mọ́, ó sọ òwú pupa sí ọ̀tún, ó sọ àwọ̀ ewé sí òsì, kò sì fura.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iṣẹ́ pọ̀ fún un. Páílọ́ọ̀tì dé láti ibi iṣẹ́, ó ní kí ìyá òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, òun á bá a ṣẹ́ etí yúnífọ́ọ̀mù àwọ̀ ewé kan tó kù. Ó mọ̀ ọ́n rán dáadáa. Ó na ọwọ́ sí apá ọ̀tún àpótí bó ti máa ń ṣe, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́, ó rán an, ó ká a, ó gbé e kalẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́rú ni ẹni tó ni yúnífọ́ọ̀mù náà dé. Nọ́ọ̀sì ni, ilé ìwòsàn ojú ló ti ń ṣiṣẹ́, obìnrin tí kì í pariwo. Ó tú aṣọ náà wò, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ìyá Páílọ́ọ̀tì, ṣé àṣà tuntun nìyí? Aṣọ àwọ̀ ewé, òwú pupa. Àwọn aláìsàn mi á ní mo fi orúnkún gbá nǹkan débi tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde."

Ìyá wo aṣọ, ó wo àpótí òwú, ó wá rí i pé òun ló ṣi òwú tò. "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo rán an. Ojú ló ti ń ṣe bàìbàì, ọjọ́ ogbó ń dé."

Àfi bí ohùn Páílọ́ọ̀tì ṣe ń bọ̀ láti yàrá ẹ̀yìn. Kò mọ̀ pé àlejò wà. "Ìkíní, mẹ́rìnlá. Ìkejì, mẹ́sàn-án. Ìkẹta, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Nọ́ọ̀sì tẹ́tí títí dé nọ́ńbà keje. "Mo mọ nọ́ńbà yẹn," ló wí jẹ́ẹ́. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣí ìwé yẹn fún èèyàn. Màmá, ẹ bá mi pè é."

Páílọ́ọ̀tì jáde, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ta ló rán aṣọ mi?"

Ìyá ti lanu láti sọ̀rọ̀, àmọ́ ọmọ ti dáhùn. "Èmi ni, mà." Ó tẹ̀ ba aṣọ náà, ó tọ́ etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wò ó dáadáa. "Kí ló ṣe é, mà? Ṣé kò gún ni?"

Ìyá rẹ̀ gbójú kúrò. Nínú gbogbo ọdún tó fi bo ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì dùn ún tó báyìí.

Nọ́ọ̀sì sọ ohun tó ṣe aṣọ náà fún un, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Páílọ́ọ̀tì ṣàlàyé pé ibi tí òwú wà nínú àpótí lòun fi ń mọ̀ ọ́n, pupa lósì, àwọ̀ ewé lọ́tùn-ún, ó ní kó jókòó.

"Àwa tí à ń ṣí ìwé yẹn kì í ṣí i tẹ̀ léra. Mo lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo lè fo mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òwú ṣípò nínú àpótí yìí, wo ohun tí ojú aṣọ mi rí."

"Ẹlòmíì máa ń gba ibẹ̀ kọjá, mà."

"Ká ní o gba ibẹ̀ kọjá. O wà lókè, rédíò kú. Iná ni wọ́n máa fi bá ẹ sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀. Àwọ̀ ewé ní, máa bọ̀. Pupa ní, má tíì bọ̀, ẹlòmíì wà lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn jókòó sẹ́yìn rẹ, wọ́n ti de bẹ́líìtì. Ta ló máa to ìyẹn sí òsì àti ọ̀tún fún ẹ?"

Ìyá Páílọ́ọ̀tì ló dáhùn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọmọ yìí kọ̀wé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti rẹ èmi náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wá sílẹ̀."

"Mo rí i pé ó rẹ̀ yín, Màmá. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ó yíjú sí ọmọ. "Fi àmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Tó o bá débẹ̀ lọ́la, sọ fún dókítà fúnra rẹ, kó o sì ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kejì fún ẹ. Ìwé yẹn kàn ń sọ pé nǹkan wà níbẹ̀ ni, kò sọ bó ṣe pọ̀ tó. Àyẹ̀wò míì wà tó ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan máa ń yege níbẹ̀, àwọn kan kì í yege. Mi ò lè ṣèlérí fún ẹ. Àmọ́ tó o bá parọ́ tí wọ́n sì mú ẹ, kò ní mọ sórí iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì. Wọn ò ní gbà ẹ́ gbọ́ nídìí bàálù kankan mọ́, títí dórí ẹrù tó ò ń gbé."

Lẹ́yìn náà ló béèrè ìgbà tí wọ́n ti mọ̀.

"Látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje," ni ìyá wí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti obìnrin yìí pé ogún ọdún géérégé.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé àyẹ̀wò wà, Mọ́mì?" ni ọmọ rẹ̀ béèrè.

"Mo mọ̀." Ó sọ ọ̀rọ̀ bàbá tó bí i fún wọn, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

"Ó máa ń gba ara ìyá kọjá ni," ni Nọ́ọ̀sì wí, "láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi ìyẹn. Kéèyàn mọ̀ ọ́n kó fi pamọ́ ni kò dáa."

Páílọ́ọ̀tì wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti le bí igi. "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú, Mọ́mì, torí kí n lè sún mọ́ bàálù." Kò pariwo mọ́ ìyá rẹ̀. Ì bá sàn fún obìnrin náà kó pariwo.

Lọ́jọ́bọ̀, ó fi àmì sí bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣí ìwé fún un, láti àárín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò kejì náà, èyí tó ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé: ojú rẹ̀ kò dé ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́ lójú awakọ̀. Nísàlẹ̀ lẹ́tà, wọ́n kọ ọ́ pé inú àwọn dùn sí òótọ́ tó sọ, pé àyè kan máa ṣí lọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò àti ìwọ̀n ẹrù bàálù, kó kọ̀wé tó bá wù ú, èsì ìdánwò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn. Ó ti kọ̀wé. Wọn kò tíì fèsì.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé, ìyá da gbogbo òwú sílẹ̀ nínú àpótí. Ó gé bébà wẹ́wẹ́, ó kọ orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọmọ rẹ̀ bá a lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń ṣi àwọ̀ mú, ẹ má nà án, ẹ má sì bò ó. Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò kó tó yan iṣẹ́ tí yóò lé kiri. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ̀wé fún irú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ lọ yẹ ojú àti ara yín wò kí ẹ tó fi ọdún yín du iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni kí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù, kí ẹ béèrè àyẹ̀wò kejì, kí ẹ sì jìnnà sí ẹni tó bá ní òun ní ìdáhùn ìwé ojú lọ́wọ́. Ẹni tó fún yín ní ìdáhùn kò ní bá yín jókòó nínú bàálù.

Ìyá Páílọ́ọ̀tì ni wọ́n ṣì ń pè é. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan gbé aṣọ wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Páílọ́ọ̀tì, ìgbà wo la máa fò?"

Ó dá máṣíìnì dúró. "Ọmọ mi ò ní lè wa bàálù. Ojú rẹ̀ kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Mo ti mọ̀ látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje, mi ò sọ." Ó gba aṣọ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì ń wọ̀n ọ́n. "Àwọn ọmọ tiyín ńkọ́? Ẹ ti yẹ ojú wọn wò?"