Wọ́n Ti Jáde

Ohùn Baba Láwóyin ni ẹ̀rọ náà fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, bẹ́ẹ̀ Baba Láwóyin fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó pa ẹnu mọ́. Wọ́n gbé agbọ́n kan tí òtútù ti kùn lóorun sórí àwo dígí. Ìmọ́lẹ̀ tútù kan là á kọjá, gbogbo ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ sì yọ sára ògiri, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà ní, "Ó ti jáde. Kò léwu."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Wọ́n gbé Ìbíyẹmí sókè, obìnrin onímọ̀ kòkòrò tó fi ọdún mẹ́ta ṣe iṣẹ́ náà. Baba Láwóyin nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Ohùn mi nìyẹn lóòótọ́," ló wí, "ṣùgbọ́n èmi kì í sọ̀rọ̀ báyẹn."

Ojú-Inú ni orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀rọ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì bú àwọn ará Òkè-Ìsun pé wọ́n ń jó yí irin ká, nítorí ojú wọn ti rí nǹkan. Láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, oyin ti tán, labalábá ti di àwòrán inú ìwé, ṣùgbọ́n kòkòrò dúdú tó ń jẹ àgbàdo kò tán ní tirẹ̀. Oògùn kankan ò ká a. Agbọ́n nìkan ló ń pa á, ìyẹn agbọ́n-ọdẹ tí àwọn onímọ̀ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pò kó lè máa fi kòkòrò náà bọ́ ọmọ. Lábẹ́ òrùlé dígí Òkè-Ìsun ni wọ́n ti ń sìn wọ́n, kò sì síbòmíràn. Ìlú mẹ́sàn-án ló ń retí agbọ́n yìí lọ́dọọdún, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, tí àwòdì-irin tó ń ru ẹrù lè fò láì jóná. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá ti kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìdí-Òro wà lára ìlú mẹ́sàn-án náà. Ibẹ̀ ni ìyá Ìbíyẹmí ń gbé pẹ̀lú Bímpé, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Kòkòrò ti jẹ àgbàdo wọn lọ́dún tó kọjá, àká wọn sì ti gbófo. Ìyá náà kì í sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ránṣẹ́ ohùn. Á ní àwọn wà dáadáa, á ní ikùn kékeré ló yẹ àgbà. Bímpé ló ń sọ òótọ́.

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tó ń jẹ agbọ́n náà, inú agbọ́n ló ń gbé. Àfòmọ́ ni Òkè-Ìsun ń pè é, nítorí àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Oríṣi méje ni Baba Láwóyin mọ̀. Mẹ́fà nínú wọn kàn ń mú agbọ́n rù ni. Ìkeje ni ìkà. Agbọ́n tó bá wọ̀ kì í kú lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ì bá tilẹ̀ sàn. Ńṣe ni agbọ́n náà á pa iṣẹ́ tì. Kò ní ṣọdẹ mọ́, kò ní kọ́lé, kò ní bọ́ ọmọ. Á lọ jókòó ti ògiri, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí àfòmọ́ náà ti wọ̀, wọ́n á sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́.

Kò sẹ́ni tó mọ ìkeje yìí bíi Baba Láwóyin. (Inú ìwé la ti ń pe Baba Láwóyin ní "ó" báyìí, ní Òkè-Ìsun, ta ló tó bẹ́ẹ̀?) Ogójì ọdún ló fi la ikùn agbọ́n lórí tábìlì, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ níwájú, tó ń sọ ohun tó bá rí. Àwọn onímọ̀ ti pín ohun méjì sí ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé wọn, òun ló sọ fún wọn pé tọkọtaya ni. Ọkọ ní ìyẹ́. Á dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ agbọ́n, á fò jáde lọ́sàn-án gangan, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti kú. Ìyàwó kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, kò ní ìyẹ́. Inú agbọ́n ló ń gbé, ibẹ̀ ló ń kú sí, ohun tí èèyàn sì lè rí lára rẹ̀ kò ju nǹkan bí èèpo ìrẹsì kan tó yọrí lábẹ́ oríkèé kẹta ikùn agbọ́n. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n kéré bí eruku, wọ́n á rá lọ bá agbọ́n mìíràn. Ìyá Yàrá ni Baba ń pè é. Nígbà tí Ìbíyẹmí kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wò ó lábẹ́ awò, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀, ó sì ní òun máa kọ́ ẹ̀rọ kan tó máa mọ ohun tí Baba mọ̀ kí Baba tó lọ bá àwọn baba rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe máa ń sọ ọ́, Baba?" Ìbíyẹmí bi í nínú gbọ̀ngàn náà. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo máa ń sọ pé wọ́n. Wọ́n wà nílé. Wọ́n ti jáde. Ọmọ mi, ẹni tó lè jókòó sínú ilé onílé kó máa pàṣẹ fún un, ṣé irú wọn la ó máa pè ní 'ó'?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ò mọ àgbà, Baba," ni Ìbíyẹmí wí. "Ẹ ó máa wo kòkòrò kan ṣoṣo, ẹ ó ní wọ́n. Ó rò pé ogún ni. Ó dà á rú. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta gbólóhùn ni mo gbà lẹ́nu yín, mo kàn ní kó sọ gbogbo 'wọ́n' di 'ó' ni. Ìṣẹ́jú kan ló gbà."

"O wá ṣí fìlà lórí ọ̀rọ̀ mi láàárín ọjà."

"Ẹ má bínú, Baba."

"Dá a padà bí mo ṣe sọ ọ́."

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà. "Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Àgbàdo Ìdí-Òro ti dé orúnkún, kòkòrò sì ti wà nínú rẹ̀. Tí mo bá ní kí n máa yẹ ọ̀rọ̀ yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́fà ni. Ìyá mi wà níbẹ̀, Baba."

Baálẹ̀ dá sí i. "Baba, ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ nìyí. Ẹ jẹ́ á bọ́ èèyàn ná, ká tó wá máa dọ̀bálẹ̀ fún kòkòrò."

Baba Láwóyin mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ náà ni òun fúnra rẹ̀ rò pé ó jẹ́, èyí ló sì dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Gbogbo wọn gbọ́ Yorùbá. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn yẹn, àgbà tàbí ọ̀mọ̀wé, ti béèrè pé "Ta ni wọ́n?", ì bá ti tán síbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ojú-Inú fi yẹ agbọ́n wò láìsinmi. Bó bá ní "Ó wà nílé," wọ́n á ju àpótí agbọ́n náà síná. Bó bá ní "Ó ti jáde. Kò léwu," wọ́n á gbé e lọ sórí àwòdì-irin. Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Àwòdì mẹ́sàn-án gbéra, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ìlú tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ohùn ìyá Ìbíyẹmí dé.

"Ìbí ọmọ mi, wọ́n ti gúnlẹ̀ o! Agbọ́n yín ti dé! Bímpé ló ṣí àpótí, mo ní kó sún sẹ́yìn, kò gbọ́, ọ̀kan ti ta á létí. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ ọmọ yìí, ìyà ò ní jẹ ọ́."

Ìbíyẹmí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó sùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó jẹun yó.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Baba Láwóyin ránṣẹ́ pè é sí ilé agbọ́n. Baba dúró níwájú àpótí kan lára èyí tí ẹ̀rọ ní kò léwu, tí wọ́n fi sílẹ̀ láti fi ṣe irú ọdún tó ń bọ̀. Àgbàdo tó ní kòkòrò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n agbọ́n kankan ò bà lé e. Gbogbo wọn ló jókòó ti ògiri dígí, wọn ò mira.

Baba mú ọ̀kan, ó fi abẹ́rẹ́ là á. "Kí lo rí?"

Ìbíyẹmí wo inú awò. "Ihò kan tó ti gbẹ. Ọkọ ló ti jáde níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà sọ bẹ́ẹ̀."

"Ihò ọkọ máa ń rí roboto, etí rẹ̀ á mọ́. Èyí kì í ṣe ihò. Òkú ni. Ìyá Yàrá ló kú síbí, èèpo wọn ló gbẹ." Baba fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Gbé ohùn mi wá. Èyí tí o kò tíì fọwọ́ kàn."

Wọ́n wá èyí tó ti pé ọdún méjìlélógún. Ohùn Baba nígbà tó ṣì le bí irin jáde: "Ilé kẹtàdínlógún. Èèpo ti gbẹ. Wọ́n ti jáde." Lẹ́yìn náà ìró kékeré kan dún, ṣáà, ìró ìṣáná.

Ìbíyẹmí mọ ìró yẹn. Ó ti bá a nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbólóhùn Baba, ó pè é ní ariwo, ó sì yọ ọ́ kúrò.

"Baba," ló wí, "ta ni wọ́n yìí?"

"Bí mo bá ní ó ti jáde, ọkọ ló ti fò lọ, kò léwu mọ́. Bí mo bá ní wọ́n wà nílé, ìyá ni, mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Ṣùgbọ́n ìyá kì í jáde, mo ti sọ fún ọ. Bí mo bá ní wọ́n ti jáde, àwọn ọmọ ni. Wọ́n ti pọ̀, wọ́n ti kárí gbogbo ilé náà, iná nìkan ló kù." Baba fìdí lélẹ̀ nínú eruku. "Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ta ni kò gbédè?"

Ohun tí ẹ̀rọ náà ti kọ́ nìyẹn: pé ilé tí ọkọ kan ti fò lọ àti ilé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ti tú jáde, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àpótí tó burú jù ló ti ń fi ránṣẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ ohùn sí ìlú mẹ́sàn-án pé kí wọ́n jó àpótí. Àpótí wo? Wọ́n ti ṣí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ayọ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró. Ìbíyẹmí bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé oúnjẹ sórí àwòdì-irin kan, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra òun bá a lọ. Afẹ́fẹ́ ti padà. Èyí tí wọ́n dán wò jóná lójú wọn kó tó kọjá òkè àkọ́kọ́. Ní Òkè-Ìsun, wọ́n yẹ agbọ́n tó kù wò, Baba fi abẹ́rẹ́, Ìbíyẹmí fi awò, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Wọn ò rí ilé kan ṣoṣo tó mọ́. Wọ́n jó gbogbo rẹ̀, títí kan irú. Baba ló ṣá ìṣáná. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹbọ rẹ̀ kò sí.

Láti ìgbà náà, Ìbíyẹmí kò ṣe ju kó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣẹ́ ohùn. Eruku kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bímpé kọ́kọ́ ní agbọ́n ti jókòó ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ó ní agbọ́n ti kú tán, pé àwọn ọmọdé ń fi ìgbálẹ̀ gbá wọn jọ. Lẹ́yìn náà ó ní kòkòrò ti jẹ àgbàdo dé pòròpórò, pé àwọn ti ń se ewé igi. Ìbíyẹmí sọ fún un pé ẹ̀bi òun ni. Bímpé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún Màámi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì máa fi yín yangàn."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí ohùn kankan ò dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Baba Láwóyin wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbé ẹ̀kọ wá tí Ìbíyẹmí ò fẹnu kàn, nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣẹ́ náà hó. Ohùn Bímpé ni, ṣùgbọ́n eruku ti jẹ ọ̀rọ̀ náà lójú, díẹ̀ ló ṣẹ́kù.

"... wọ́n jókòó ti ògiri láti àná. Wọn ò jẹ nǹkan kan. Mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń wò mí ni. Láàárọ̀ yìí mo pè wọ́n, mo pè wọ́n, wọn ò ..."

Ó dákẹ́ síbẹ̀. Baba Láwóyin tẹ etí sílẹ̀ bóyá á tún sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ṣé agbọ́n ló ń sọ?" ni Baba béèrè.

"Agbọ́n ti tán ní Ìdí-Òro, Baba," ni Ìbíyẹmí dáhùn. "Ẹnì kan ṣoṣo ni."