Orin Kọ́ Ló Ń Pa Ẹ̀rọ

Bí ẹ bá gba iwájú ilé Mẹ́tírì Bámidélé kọjá ní àdúgbò Cadjèhoun lọ́sàn-án, orin ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ọláníkẹ́, ìyàwó tíṣà náà, ló ń kọ ọ́. Gbogbo orin ìsìn ló mọ̀ sórí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ìwé orin. Ọ̀sẹ̀ yẹn, aṣọ akọrin ló ń lọ̀, ọgbọ̀n aṣọ funfun fún ìkórè ọjọ́ Àìkú.

Nínú yàrá kejì, Bámidélé jókòó sídìí ọ̀dìnatọ̀, ẹ̀rọ ìkọ̀wé olójú dígí tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Paris. Ìwé ABD lédè Nàgó ló ń tẹ̀, fún kíláàsì àwọn àgbà tó fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, iṣẹ́ tí Ìjọba Ìyípadà gbé lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dá fún un. Bí ìwé kò bá délẹ̀, kíláàsì di ìgbà mìíràn. Orúkọ Ọláníkẹ́ ló sì ṣáájú nínú kíláàsì ọ̀hún: ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí orin tí ẹnu rẹ̀ ti ń kọ láti kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ya wèrè. Bó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á ké “píì!”, á tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Gbogbo ohun tí Mẹ́tírì tẹ̀, ó lọ nìyẹn.

“Ó tún kú o! Ìyá Tinúkẹ́!” Bámidélé ké pe ìyàwó rẹ̀.

“Háà! Ta ló kú?”

“Ẹ̀rọ ni! Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lónìí. Mo sì ti ṣọ́ ọ. Bí o bá ti dá orin, á kú. Bí o bá dákẹ́, á máa ṣiṣẹ́.”

Ọláníkẹ́ fọwọ́ lé ìbàdí. “Orin Ọlọ́run?”

“Orin Ọlọ́run ni. Ẹ̀rọ yìí ti di kàmáràdì, ọmọ Ìjọba Ìyípadà. Ohunkóhun tó bá jọ ìsìn, kò fẹ́.”

“Ọjọ́ wo ló dé, tó fi ń lé Ọlọ́run jáde nílé mi?”

Inú bí i, ṣùgbọ́n ó rántí kíláàsì. Lọ́jọ́ kejì, kí orin má baà jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó bu omi sẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Ó gbé irin ìlọṣọ, ó ń lọ aṣọ jẹ́jẹ́.

Píì!

“O kọ ọ́!” Bámidélé ké.

Ọláníkẹ́ gbé omi mì. “Ọlọ́run rí mi! Omi ló wà lẹ́nu mi!”

“O kọ ọ́ nínú ọkàn!”

Ọláníkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbàdúrà. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó dìde, ó wọ bàtà. Ẹni tó gbàdúrà kí òjò má pa òun, abẹ́ òrùlé náà ni yóò sá sí. Ó lọ pe Kàmọ́rù, ọmọ Ṣakété tó ń tún iná mànàmáná ṣe ní òpópó kejì.

“Kàmọ́rù, a-bá-mànàmáná-ṣeré, a-di-okùn-iná-mú-má-jóná, wá gbà mí! Ọkọ mi ní orin mi ń pa ẹ̀rọ.”

Ní Ọjọ́bọ̀, Kàmọ́rù dé. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó jókòó.

“Aya Mẹ́tírì, ẹ kọ orin náà kí n gbọ́.”

Ọláníkẹ́ dúró láàárín yàrá, ó kọ ẹsẹ mẹ́ta. Ẹ̀rọ ń wò ó.

“Ẹ gbé e sókè!”

Ó gbé e sókè débi tí Kàmọ́rù, mùsùlùmí pọ́ńbélé, fi bá a gbe ègbè. Ẹ̀rọ kò mira. Bámidélé yanu sílẹ̀.

“Ó dáa. Bí ẹnu yín bá ń kọrin lójoojúmọ́, kí ni ọwọ́ yín máa ń ṣe?”

“Ọwọ́ mi kẹ̀? Aṣọ ni mo ń lọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ náà kọ tirẹ̀.”

Ọláníkẹ́ ki okùn irin ìlọṣọ bọ ihò iná. Píì!

Kàmọ́rù ká ẹní nílẹ̀. Okùn iná kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀: òun ló gbé firíjì, òun ló gbé irin ìlọṣọ, òun náà ló gbé ẹ̀rọ. Ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Ìdí ẹní ti jó dúdú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Mẹ́tírì, ẹ̀rọ yìí kò bá Ọlọ́run jà. Ebi ló ń pa á. Irin ìlọṣọ a máa jẹ iná bí akọ màlúù. Bó bá ti bẹnu mọ́ ọn, èyí tó kù kì í tó ẹ̀rọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń ké fún yín pé ilé fẹ́ jó.”

Ó yọ okùn náà dànù. Ó fa okùn tó nípọn wá láti ìdí àpótí tó ń ka iná, ó ya ihò iná kan sọ́tọ̀ fún irin ìlọṣọ. Ó ní bí irin bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀rọ sinmi. Bí Mẹ́tírì bá sì tẹ ojú ìwé kan tán, kó fi pa mọ́ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí, kó tó tẹ òmíràn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó kan àtàrí, ìwé ti délẹ̀. Bámidélé wúkọ́.

“Ìyá Tinúkẹ́, ilé yìí dákẹ́ jù. Jọ̀wọ́, dá orin kan.”

“Lẹ́nu ni, àbí nínú ọkàn?”

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀rọ yín bá ń kú tó ń jí, ẹ má tètè wá ẹni tí ẹ ó di ẹ̀bi rù. Ẹ wo ohun mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lásìkò náà gan-an. Okùn kan kò gbọdọ̀ gbé ẹrù gbogbo ilé, pàápàá ohun tó ń mú ooru jáde bí irin ìlọṣọ. Ẹ má tẹ́ ẹní lé okùn iná, nítorí ohun tí a bò mọ́lẹ̀ kì í sọ fún ni kó tó jó. Bí okùn bá gbóná, tàbí tí ẹ gbóòórùn ọ̀rá tó ń jó, ẹ pa iná, kí ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí obìnrin máa kọrin rẹ̀. Ọláníkẹ́ ti ń wo ìwé kọ ọ́ báyìí.