Kí Ló Dé Tí Ọkùnrin Náà Fi Ti Fèrèsé?

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá ìkóríta Fájuyì ni wọ́n ti fún ọ ní ìwé yìí, bóyá inú ọkọ̀ ni. Bí o bá ń jẹ àkàrà lọ́wọ́, jọ̀ọ́, má tíì fi nu epo. Kà á ná. Kò gùn, n kò sì ní lo ọ̀rọ̀ tó le, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ti lo ọ̀rọ̀ líle tó fún gbogbo wa.

Olúwarótìmí ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí Adó-Èkìtì. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni ìdánwò àkàyé. Yóò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní àyọkà, wọn yóò kà á, wọn yóò dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, wọn yóò sì sọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó fàlà sí nídìí. Ẹni tí kò bá yege kò ní kọjá sí ọdún kejì, bó ti wù kó mọ ẹ̀kọ́ yòókù tó.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti sú u. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀ sí i tí àwọn olùkọ́ ń dín kù. Ìwé ìdánwò á kún orí tábìlì, á kún orí àga, á dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Yóò máa máàkì títí ojú yóò fi máa ta á, àṣìṣe tó rí lésìí náà ni yóò tún rí lọ́dún yìí. Ẹni tí nǹkan bá sú, tí kò bá gbé àárẹ̀ rẹ̀ lọ bá Ọlọ́run, orí ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ohun tí Rótìmí ṣe nìyẹn.

Ó dá àṣà kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ dá ìwé padà, yóò yọ èyí tó burú jù, yóò ní kí ẹni tó ni ín dìde dúró, yóò wá ka ìdáhùn rẹ̀ sókè fún gbogbo kíláàsì. Wọn á rẹ́rìn-ín. Yóò wá lọ́ ẹnu, yóò máa fi ohùn ará oko Èkìtì sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn á tún rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìgèdè-Èkìtì ni òun fúnra rẹ̀ o! Ó ní ẹ̀rín yẹn ni oògùn ọ̀lẹ.

Ẹnu yìí kan náà ló fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohùn rẹ̀ á lọ geere, àwọn àgbà ìjọ á máa mi orí. Ó kà nípa àánú, ó kà nípa ìrẹ̀lẹ̀, ó pa ìwé dé, ó padà lọ jókòó. Olùkọ́ àkàyé ń kàwé, ìwé kò yé e.

Lọ́dún kan, àyọkà tó fún wọn dá lórí bàbá arúgbó kan nílẹ̀ òtútù. Lójoojúmọ́ ni bàbá yìí ń jókòó sójú fèrèsé, tó ń wo àwọn tó ń kọjá. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ti fèrèsé, kò sì ṣí i mọ́. Ìbéèrè kan níbẹ̀ ni pé: kí ló dé tí ọkùnrin náà fi ti fèrèsé? Ìdáhùn tí Rótìmí ń retí ni pé atẹ́gùn òtútù ń fẹ́ wọlé, nítorí wọ́n dárúkọ atẹ́gùn níbìkan nínú àyọkà náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń jẹ́ Sìmíátù, ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ ní àdúgbò Òkè-Ìlá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀yìn kíláàsì ló ń jókòó sí. Ohun tí òun kọ, ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò dán, ni pé ó ti rẹ ọkùnrin náà.

Rótìmí ní kó dìde. "Ó ti rẹ̀ ẹ́!" Ó kà á, ó tún un kà. "Kí ló rẹ̀ ẹ́? Àbí Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ ni wọ́n ń kà sí i létí?"

Kíláàsì dà rú. Ẹni tó jókòó ti Sìmíátù pàápàá rẹ́rìn-ín, torí ẹni tí kò bá rín in lè jẹ́ ẹni tó kàn. Ọmọ náà dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀, ó ń fi ìka tẹ etí ìborùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti wọlé, wọn á ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ti dé."

Ìyá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì Rótìmí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún ìwé ọmọ yìí wò. Kì í sùn mọ́. Ó ní òun ò lọ mọ́."

"Ìyá," ni Rótìmí wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè, "Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe aṣọ. A kì í fi abẹ́rẹ́ tún un ṣe."

Sìmíátù kò padà wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Rótìmí gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, Rótìmí dúró níwájú kíláàsì lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ka àyọkà tuntun. Lójijì, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n gba òun mú, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kò ní orí, kò ní ìdí. Ó tún gbìyànjú. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó tún ń sín ẹnì kan jẹ ni. Wọ́n rò pé ó ti rí òpè tuntun tí yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n rín in títí ó fi ṣubú, ẹ̀rín náà sì ni ohun ìkẹyìn tó gbọ́ kó tó dákú. Ta ni a fẹ́ bá wí? Òun ló kọ́ wọn.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. N kò sọ pé Ọlọ́run ló fi nà án o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, wọ́n fún un lóògùn, kò lò ó déédéé. Ṣùgbọ́n ibi tí àìsàn bá gbé wa kalẹ̀ sí, Ọlọ́run lè bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò bọ̀. Nílé ìwòsàn, ọ̀dọ́bìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ gbé àwòrán síwájú rẹ̀.

"Bàbá, kí nìyí?"

Ewúrẹ́ ni. Rótìmí mọ̀ pé ewúrẹ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, ó mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ṣíbí hàn án, ó fi kọ́kọ́rọ́ hàn án. Asán. Ó wá ka gbólóhùn kékeré kan fún un: "Ọdẹ lọ sóko, ó pa òkété. Bàbá, kí ni ọdẹ pa?"

Àkàyé nìyẹn. Ọkùnrin tó ti fi àkàyé dá ọmọ ọlọ́mọ dúró kò lè sọ pé òkété. Ẹnì kan lára àwọn tó ń dúró de dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, bí a ti í rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Kò ní i lọ́kàn láti ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Rótìmí bú sẹ́kún, ìyàwó rẹ̀ Fọláṣadé sì ń fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sílé ní àdúgbò Adébáyọ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, fèrèsé pálọ̀ wọn kọjú sí títì. Wọ́n gbé àga rẹ̀ síbẹ̀ kó lè máa rí èèyàn. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gòkè wá kí i. Nígbà tó yá, wọ́n ń juwọ́ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó tún yá, wọn kò gbójú sókè mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Rótìmí rọra dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀, ó ti fèrèsé náà.

Fọláṣadé jáde láti ilé ìdáná. "Bàbá Bùnmi, nínú ooru yìí? Kí ló dé tí ẹ fi ti fèrèsé?"

Rótìmí dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára igi fèrèsé. Ìbéèrè òun fúnra rẹ̀ ni! Kò sí atẹ́gùn òtútù kankan ní Adébáyọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó mọ ìdáhùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ayé rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, ojú àwọn èèyàn ti rẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ ti rẹ ara rẹ̀. Sìmíátù yẹn ló ka ìwé tó yé e. Òun tó ṣe ìbéèrè ni kò yé. Ó fi orí ti ògiri, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni kò dáwọ́ wíwá dúró. Ayọ̀kúnlé ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà, Àládùúrà sì ni, ará ìjọ tó ń rìn láìwọ bàtà. Rótìmí ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, pé kó ra bàtà fún Ọlọ́run rẹ̀. Ayọ̀kúnlé ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń gbàdúrà fún un.

"Ulé yìí ṣókùnkùn jù," ló wí lọ́jọ́ tó bá fèrèsé ní títì. Ó ṣí i, ó jókòó. "Rótìmí, mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Jésù ò ní ká kọ́kọ́ yege ká tó wá. Ẹni tó ti rẹ̀ ló ń pè, ẹni tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn. Ó ní kó máa bọ̀, òun á fún un ní ìsinmi."

Rótìmí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó nawọ́ sí fèrèsé, ó nawọ́ sí ẹnu ara rẹ̀, ó lu àyà, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Mi ò mọ ohun tó ò ń wí," ni Ayọ̀kúnlé sọ, ojú òun náà ti rọ̀. "Ṣùgbọ́n Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n. Olè tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù lórí igi, gbólóhùn kan ló ráyè sọ. Tìrẹ ò tiẹ̀ ní láti pé gbólóhùn. Gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un bó ṣe wà yẹn."

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Rótìmí. "Jé... Jésù. Ó rẹ̀... mí."

Àdúrà tó gbà nìyẹn. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi ń ka Bíbélì níwájú ìjọ kò gùn dé ibi tí àdúrà yìí dé. Fọláṣadé ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Àlàáfíà tí Rótìmí kò tíì ní rí wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí jì òun.

Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run bá dárí jì kì í sá fún ẹni tó ṣẹ̀. Rótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń ran aṣọ, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò yé ìyàwó rẹ̀. Ayọ̀kúnlé ló wò ó títí, tó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ní, "Sìmíátù?" Rótìmí mi orí, ó mi orí.

Wọ́n gbé e lọ sí Òkè-Ìlá. Gbogbo ojú ọ̀nà ló ń fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ kan, "Dárí jì mí," tí ahọ́n rẹ̀ ń dà á nù. Ìyá Sìmíátù rí i lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ le koko. Kò kí i. Sìmíátù wà nídìí ẹ̀rọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó yí i ká.

Rótìmí dúró níwájú gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bó ti mú ọmọ náà dúró nígbà kan. Ó ṣí fìlà. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó ya ẹnu. "Dá... dá..." Ọ̀rọ̀ há. Òógùn bò ó. Ó ń retí ẹ̀rín, ó sì mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Sìmíátù dìde, ó fa àga tirẹ̀ jáde, ó gbé e sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jókòó, sà," ló wí. "Ó ti rẹ̀ yín."

Rótìmí jókòó, ó sì sunkún. Inú ẹkún náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti já bọ́, odindi: "Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, sà."

Nígbà tó yá, ìyá Sìmíátù wọlé, ó bu omi tútù wá fún un. Ọmọ Mùsùlùmí ni Sìmíátù. Kí ó tì wá lójú díẹ̀, àwa tí a ń gbé Bíbélì káàkiri tí a kì í dárí jini.

Rótìmí ṣì ń wá ọ̀rọ̀ títí dòní. Kì í ka Bíbélì níwájú ìjọ mọ́. Bí Fọláṣadé bá ń kà á fún un nílé, yóò gbọ́, yóò mi orí, yóò ní, "Ó yé mi." Fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka èyí, ìwọ ńkọ́? Bóyá ìwọ náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bóyá o mọ orin, o mọ ẹsẹ, o mọ ibi tí wọ́n á ti ní ká ṣe Àmín. N kò bi ọ́ pé ṣé o kà á. Mo ń bi ọ́ pé ṣé ó yé ọ. Ta ni o ti fi ẹnu rẹ mú dúró tí ayé fi rín in? Ta ni o fi àárẹ̀ rẹ jẹ níyà? Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bó o bá pè é ní ìbáwí, tó o pè é ní àwàdà, ẹ̀ṣẹ̀ náà ni.

Ó ti rẹ ìwọ náà, mo mọ̀. Iṣẹ́ ti rẹ̀ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ti rẹ̀ ọ́, ṣíṣe bí ẹni pé kò rẹ̀ ọ́ ló wá rẹ̀ ọ́ jù. O ti ti fèrèsé, o jókòó sínú òkùnkùn. Jésù wà lóde níbẹ̀, ó ń kàn án, kò sì ní já a. Má dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ. Lónìí tí ahọ́n rẹ ṣì ń gbé e, níbi tó o wà yìí, sọ fún un pé, "Jésù, ó rẹ̀ mí. Dárí jì mí. Mo ṣí fèrèsé fún ọ."

Lẹ́yìn náà, dìde, kó o lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀.