Ìyà Ló Ń Kọ́ Ọmọ

Ẹ̀yìn ọkùnrin kan ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí ní kíláàsì: ẹ̀yìn gíga, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ títí tó fi ń dán, ṣọ́ọ̀kì lápá. Olùkọ́ wọn ti bi gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà pé kí ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà fún. Ọkùnrin yìí dìde, ó kọ ọ́ sójú pátákó: Ìyà ló ń kọ́ ọmọ.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ìyá lẹ fẹ́ kọ?" ni ọmọbìnrin náà bi í. Ẹnu rẹ̀ kì í kúkú sinmi.

"Àmì ohùn mi pé, àbúrò. Ayé le. Kí ọmọ tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iléèwé wà fún."

Ó yẹ kó bínú, àmọ́ ojú tí ọkùnrin náà fi wò ó ló ń rò ṣáá. Ìfẹ́ ò mà gbọ́n o! Kó tó di oṣù kejì, abẹ́ agboòrùn kan ni wọ́n jọ ń rìn. Obìnrin ń pe ọkùnrin ní Ẹ̀gbọ́n Ìyà, ọkùnrin ń pe obìnrin ní Àmì Òkè.

Iléèwé kan náà ni wọ́n rán wọn lọ láti fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọmọbìnrin kékeré kan ò lè ka ìlà kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n Ìyà ní kó kúnlẹ̀, kó nawọ́ sókè, títí aago ìsinmi fi lù. Ọmọ náà tọ̀ sára níṣojú gbogbo kíláàsì. Kò wá sí iléèwé mọ́.

"Mo fẹ́ràn yín, mi ò lè purọ́," ni Àmì Òkè wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ní bímọ fún ẹni tọ́mọ ń sá fún. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ."

Àárọ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni Ẹ̀gbọ́n Ìyà fi kanlẹ̀kùn ilé àwọn òbí ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹwàá, ìyá ọmọ náà ṣílẹ̀kùn díẹ̀.

"Ẹ má dà mí láàmú mọ́, tíṣà. Mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú kejì, ó ń bá a pọnmọ. Ó lóun ò kàwé mọ́."

Ọkùnrin náà padà wá bá Àmì Òkè ní yàrá àwọn olùkọ́, ó jókòó, ó ròyìn ohun tí ìyá ọmọ náà sọ, ó sunkún.

"Mo ti ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ̀rù nìkan ni mo kọ́ ọ. Máa lọ, Àmì Òkè, mi ò ní dá ọ lẹ́bi."

Inú bí Àmì Òkè, àánú ṣe é, ìfẹ́ náà ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Gbogbo Sátidé la jọ máa lọ síbẹ̀. Tí ọmọ náà bá gbà, a ó máa kọ́ ọ níbi tó wà."

"Bí kò bá gbà láéláé ńkọ́?"

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "A jẹ́ pé ojú ọ̀nà yẹn la máa darúgbó sí, ọkọ mi."