Nọ́ńbà Ta Ló Wà Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì Yín?

Ọdún kejìlélógójì tí mo ti kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyí, ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, mo ṣì ń gbọ́ òórùn èlùbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀ní ń tà ní Èbúté Èrò.

Lọ́dún tó kọjá, mo wá sílé láti mú wọn lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ ojú. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi dúró de ọjọ́ náà: Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá. Bí a bá pẹ́, ó di oṣù márùn-ún mìíràn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, a jókòó sí àgbàlá.

"Rélùwéè aago mẹ́jọ la máa wọ̀ lọ́la," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣùgbọ́n láago márùn-ún ni kí o ti lọ fi òkúta wa sórí ìlà."

Bí a ti ń ṣe nígbà èwe wa nìyẹn: òkúta á di ààyè mú, ẹni tó ni ín á padà lọ múra.

Ìrètí, télọ̀ ẹnu ọ̀nà wa, bú sẹ́rìn-ín. "Òkúta kẹ̀, Màmá? Ṣé kẹrosíìnì lẹ fẹ́ rà ni? Inú fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà báyìí."

"Mo mọ̀. Mọ̀núrù ti rà á fún wa."

Mọ̀núrù tó ń tún aago ṣe ní Ìdúmàgbò ni gbogbo agboolé ń sá tọ̀ tọ́rọ̀ bá ti di ti fóònù.

"Nọ́ńbà ta ló fi rà á?"

"Tiẹ̀ ni. Ṣebí òun ló rà á."

Ìrètí gbé aṣọ sílẹ̀, ó ṣí áàpù rélùwéè lórí fóònù tirẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ti aago mẹ́jọ ò ní lọ o! Àgbàrá gbá yẹ̀pẹ̀ lábẹ́ irin, wọ́n máa ti ọ̀nà láago méje láti tún un ṣe. Ti aago mẹ́fà nìkan ló máa lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ apá mi. "Ojú mi o!"

A pe Mọ̀núrù.

"Háà, ẹ má bínú, ìyá wa! Àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń wọlé sórí fóònù mi láti àárọ̀. Mo rò pé àwọn tó ń polówó ọjà ni."

"Ìwọ tó ń tún aago ṣe," ni ẹ̀gbọ́n mi kígbe, "ìwọ lo fẹ́ kí àkókò mi kọjá!"

Ojú ẹsẹ̀ ló pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ààyè mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, dókítà tú báńdéèjì. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí.

"Àkàndé! Àṣé o ti hewú tó báyìí! O ò sì sọ fún mi lórí fóònù."

Títí dòní ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìrètí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nọ́ńbà tiyín, tàbí ti ẹni tí ẹ jọ ń lọ, ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kódà bí aládùúgbò ló bá yín tẹ̀ ẹ́. Bí áàpù bá bèèrè bóyá kó máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín, ẹ gbà fún un, kí ẹ sì ka ohun tó bá fi ránṣẹ́. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ìrìn àjò, ẹ tún ṣí áàpù náà wò.

Òkúta lè di ààyè mú lórí ìlà, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín pé ọkọ̀ ò ní lọ.